Ìdí Ọkọ̀ Ni Ẹ Kọ́kọ́ Máa Ń Wò

Bàbá mi àtàtà,

Ìdí ẹja tí mò ń yan ni mo jókòó sí, ìwé kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àwa àgbà wà lórí itan mi, mo ń kọ̀wé sí yín. Ọwọ́ mi kò yá, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹ ó ní sùúrù.

Táyọ̀, ọmọ ọmọ mi obìnrin, ti dàgbà. Kò sí ẹni tó lè nà án nídìí géèmù ní gbogbo Etikan, mo sì ń fi í yangàn kiri. Lóṣù tó kọjá, ó fẹ́ fúnra rẹ̀ to kọ̀ǹpútà géèmù kan jọ, èyí tí yóò lò pẹ́ títí, ó sì ní kí n fi owó kún un. Ó ń fi àwọn ẹ̀yà rẹ̀ hàn mí lórí fóònù: káàdì tó ń gbé àwòrán jáde, fáànù, àti ilé onígíláàsì tí yóò kó gbogbo wọn sí, tí iná pupa àti iná aró ń ṣẹ́jú nínú rẹ̀. Ó rẹwà, Bàbá. Mo wá bi í pé èwo ló ń pín iná mànàmáná fún gbogbo wọn.

"Ìyẹn? Ìsàlẹ̀ ló máa ń wà, Màmá. Ta ló máa rí i? Yẹpẹrẹ kan ni màá mú, kí owó lè tó ra ilé oníná yẹn."

Mo ní kó dúró ná.

Mo rántí yín. Tí ẹ bá dé èbúté ẹnikẹ́ni, kí ẹ tó kí i, ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ ó máa yọjú wo ìdí ọkọ̀ rẹ̀. Ẹ ó fi ìka kan pákó, ẹ ó dẹtí. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o: òwe yín nìyẹn.

Mo sọ ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí fún Táyọ̀. Nígbà èwe mi, ẹ rán mi lọ sí Ode Ugbo kí n ra pákó tí ẹ ó fi pààrọ̀ ìdí ọkọ̀ yín tó ti ń jẹrà. Ọ̀dà ni mo rà. Mo fẹ́ kí ọkọ̀ bàbá mi dára ju ti gbogbo ayé lọ. Mo rò pé pákó lè dúró di ọjọ́ ọjà mìíràn. Ẹ kò bá mi wí. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ bá mi kùn ún. Kí ọjọ́ ọjà náà tó pé, ẹ wà á lọ sí Abereke. Wọ́n bá ọkọ̀ náà ní ìdojúdé láìsí yín nínú rẹ̀, ìdí rẹ̀ ti là, ọ̀dà rẹ̀ ń dán. Gbogbo èèyàn ní ìgbì omi ló fà á. Mo bá wọn sunkún, mo sì dákẹ́.

Táyọ̀ gbọ́ ọ tán. Ó na fóònù sí mi.

"Màmá, ẹ wá bá mi yàn án."

Àpótí tó ń pín iná, èyí tó lágbára jù lọ, la mú. A mú fáànù tó ní àwọ̀n wẹ́wẹ́ lójú, torí iyọ̀ inú atẹ́gùn wa ń jẹ irin bí ikán. A fi àyè sílẹ̀ fún ohun tí yóò fi kún un lọ́jọ́ iwájú. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju eéje lọ. Nígbà tí ẹrù dé, mo fi ìka kan àpótí náà, mo dẹtí. Táyọ̀ bú sẹ́rìn-ín.

"Màmá, géèmù ni o, a ò fẹ́ fi pẹja!"

Ó ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Dúdú ni, kò sí iná kankan lára rẹ̀. Táyọ̀ ń jó yí i ká. N kò lè bá a yọ̀ tán, ni mo fi jáde wá sídìí ẹja mi.

Bàbá, nígbà tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ṣé ẹ rántí pé pákó ni ẹ rán mi? Àbí ẹ rò pé n kò gbọ́ yín dáadáa ni?

Mo gbọ́, Bàbá. Mo gbọ́ dáadáa.

Èmi ni,
Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó ra ọ̀dà.