Etí Òsì Mi àti Ìlà Tí Mo Fà

                                        Ṣọ́ọ̀bù Télọ̀,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, Oṣù Kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi, ẹnìkejì mi nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyá àwọn ọmọ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ń gbọ́ràn? Orúnkún rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o tẹ ẹ̀rọ? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Mo mọ̀ pé o ti ń bú mi pé mi ò kọ̀wé. Má bínú, ọ̀rọ̀ etí ni kò jẹ́.

Jẹjẹrẹ awọ ara tí wọ́n ti gé kúrò létí mi òsì lẹ́ẹ̀mejì tún padà wá. Ìwọ náà mọ̀ pé oòrùn àti àwa àfín kì í ṣe ọ̀rẹ́. Dókítà ní tí àwọn bá tún fi ọ̀bẹ sí i, gbogbo etí ni yóò lọ. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ó wá ní ìtọ́jú kan wà tí àwọn ń dán wò: ìtànṣán tí wọ́n ń dojú rẹ̀ kọ egbò nìkan, tí kò ní kan ibòmíì. Àwa méjìlá ni wọ́n fẹ́ fi dán an wò. Ìyàwó mi fárígá, ó ní ṣé ara mi ni wọ́n fẹ́ fi kọ́ṣẹ́ ni. Mo ní ta ni kò fi aṣọ oníbàárà kọ́ṣẹ́ rí? Ṣé o rántí ṣòkòtò tí o gé lọ́dọ̀ ọ̀gá wa, tó di ti ọmọdé? Mo buwọ́ lùwé.

Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n ní kí n wá. Lọ́jọ́ kìíní, obìnrin tó ń darí ẹ̀rọ fi yíńkì fa ìlà yí egbò náà ká, ó kìlọ̀ pé mi ò gbọdọ̀ fọ̀ ọ́. Etí tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an ni kò gbọ́! Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo máa lọ, mo ń wẹ̀, omi ọṣẹ dà sí i, ìlà pa rẹ́. Kàkà kí n sọ fún wọn, mo mú bíró, mo wo dígí, mo fà á padà. Àbí, ọwọ́ tó ti ń fa ìlà sára aṣọ láti ọgbọ̀n ọdún! Ọ̀rẹ́ mi, ìgbéraga ni.

Nígbà tí mo débẹ̀, obìnrin yẹn tiẹ̀ yìn mí pé mo tọ́jú ìlà náà. Ó ní kí n dùbúlẹ̀, ó kọjú ẹ̀rọ sí mi, ó ń lọ ti ilẹ̀kùn. Mo rántí pé ibi tí ìlà bá yí ká nìkan ni ìtànṣán náà máa kàn. Mo bá figbe ta: "Ẹ dúró, màdáámù! Èmi ni mo fa ìlà yẹn o!" Ó padà wá, ó mú ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n da ìlà àkọ́kọ́ kọ sí, ó gbé e lé etí mi. Tèmi ti yẹ̀ sápá kan. Ìdajì egbò ló wà níta ìlà. Ojú tì mí gan-an. Kò pariwo mọ́ mi. Ó kàn ní, "Bàbá, dígí ń tan èèyàn o. Tó bá ti pa rẹ́, ẹ sọ fún wa." Ó nù ún, ó tún un fà.

Mo lọ títí ẹ̀ẹ̀mẹfà náà fi pé, ó sì ti tó oṣù mẹ́rin báyìí tí mo parí. Lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n bù díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Lánàá ni èsì jáde. Dókítà ní àwọn ò rí jẹjẹrẹ kankan. Ó ní kí n má tíì jó o, ọdún márùn-ún ni àwọn máa fi ṣọ́ ọ, torí ti ẹnì kan lára àwa méjìlá ti tún yọ. Ó dùn mí fún onítọ̀hún.

Mo délé, mo sọ fún ìyàwó mi. Ó fi ọwọ́ kan etí náà, ibi tí kò láyà láti fọwọ́ kàn láti ọdún méjì. Ó ní ṣé ó ń dùn mí. Mo ní rárá. Kò sì gbé ọwọ́ kúrò.

Bá mi kí gbogbo ilé.

Tìrẹ ni mo ṣì jẹ́,
Télọ̀ Pupa