Ìkẹ́dùn Ẹgbẹ́ Ọlọ́kadà lórí Ìyá tó Fi Ẹ̀pà Kọ́ Wa ní Ìwé

Sí ẹbí Bámgbóṣé, Ògbómọ̀ṣọ́.

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn, àti ìríra tó kún wa dé gògóńgò, ni àwa ọlọ́kadà ẹ̀ka Ọjà Igbó fi kọ ìwé yìí lórí ìpapòdà ìyá wa, Màmá Olúfúnkẹ́ Bámgbóṣé. Ìbànújẹ́ náà, ti Màmá ni. Ìríra náà ní ẹni tó ni ín, a óò dé orí rẹ̀.

Ọdún mẹ́ta gbáko ni Màmá, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, fi kọ́ wa ní ìwé kíkà lábẹ́ àtíbàbà ẹgbẹ́. Ohun tó kọ́ nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Ọ̀yọ́ ló ń lò: bí èrè bá tẹ̀lé ohun tí ènìyàn ṣe lójú ẹsẹ̀, yóò tún un ṣe; bí ìyà bá tẹ̀lé e, yóò sá fún un, yóò sì sá fún ibi tó ti jẹ ẹ́. Ẹni tó bá ka ọ̀rọ̀ kan tọ̀nà, ẹ̀pà sísun kan ti bọ́ sí i lọ́wọ́ kó tó mí. Ẹni tó bá ṣì í, Màmá kò ní pòṣé. Yóò dá a padà sí èyí tó mọ̀, wọ́n á tún gbéra níbẹ̀. Ẹ̀pà tí a jẹ níbẹ̀, bí wọ́n bá gbìn ín, yóò bo gbogbo oko Ìkòyí-Ilé, yóò ṣẹ́kù. Ó dé ibi pé bí Màmá bá kàn ṣí ìdérí agolo ẹ̀pà rẹ̀, itọ́ alága wa ti ń kán sórí táńkì ọ̀kadà.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Mashood ló jù. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì ni, ó lè gun ọ̀kadà gba ojú abẹ́rẹ́ kọjá, àmọ́ bó bá rí ṣọ́ọ̀kì, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n. Tíṣà kan ló fi ẹgba lé e kúrò ní kíláàsì kẹta nígbà èwe rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì gbàgbé. Ọjọ́ mẹ́rin ni Màmá fi ní kó kàn mú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ kan, kó máa jẹ ẹ̀pà ní ọwọ́ kejì. Mashood rò pé ìyá ti ń ṣarán. Ní ọjọ́ karùn-ún, ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n mọ́. Kó tó pé oṣù mẹ́fà, ó ń ka àkọlé gbogbo ṣọ́ọ̀bù sókè fún èrò ẹ̀yìn rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í.

Ìgbà náà ni ọ̀gá kan tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ àgbà wá bẹ̀ wá wò. Ó wo ẹ̀pà, ó wo àwa bàbá ọlọ́mọ, ó ní, “Màmá, ajá ni wọ́n ń kọ́ báyìí.”

Màmá ní, “Ajá tí wọ́n bá nà, inú igbó ló ń sá lọ, sà.”

Ọ̀gá pe Mashood síwájú pé kó kàwé. Bó ṣe ṣi ọ̀rọ̀ kan, ọ̀gá fi rúlà onígi lù ú ní ìka, òun tó jẹ́ bàbá ọmọ, lójú gbogbo wa. Ẹ̀gbin gbáà. Ẹ kó gbogbo pàǹtí Ọjà Igbó jọ, kí òjò ọjọ́ méje rọ̀ sí i, kò lè rùn tó ìwà yẹn. Ọwọ́ Mashood tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó ní òun kò wá mọ́. Màmá wọ kẹ̀kẹ́ lọ bá a nílé, tòun ti agolo, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ látorí ṣọ́ọ̀kì mímú. Ibẹ̀ ni wọ́n dé tí ọlọ́jọ́ fi dé.

A wá gbọ́ pé ọ̀gá yìí kan náà ti kọ̀wé sí yín pé òun fẹ́ sọ̀rọ̀ níbi ìsìnkú, nípa bí òun àti Màmá ṣe dá kíláàsì náà sílẹ̀. Ó rí wa lára. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbà á láyè. Mashood ni kí ẹ jẹ́ kó ka lẹ́tà yìí létí pósí. Òun náà ti gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àyà rẹ̀ ń já. Kíláàsì kò ní kú. Àwa ni yóò máa sun ẹ̀pà, òun ni yóò máa kọ́ àwọn tuntun.

Bó bá ń kà á tó dúró láàárín ọ̀rọ̀, kí ẹnikẹ́ni má pòṣé, kí ẹnikẹ́ni má bá a pè é. Àǹtí Ìbùkún, ẹ̀yin ọmọ Màmá tí agolo wà lọ́wọ́ yín, ẹ ṣí i, kí ẹ fún un ní ẹ̀pà kan. Yóò padà sí èyí tó mọ̀, yóò sì gbéra.

Kí Ọlọ́run tu ẹ̀yin náà nínú bẹ́ẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹkún bá dá yín padà sẹ́yìn, kó má bínú sí yín. Kó bá yín bẹ̀rẹ̀ níbi tí ẹ mọ̀. Àmín.

Saifudeen Àkànbí,
Akọ̀wé, lórúkọ gbogbo ẹgbẹ́.