Àtẹ̀gùn Ẹ̀yìn ní Dacula

Sátidé, April 6, 2024
Ọkọ mi, Adégbénró, ti di Lọ́ọ̀dù. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Wákàtí méjì péré ló lò nínú ilé ńlá àtijọ́ kan ní England lọ́dún tó kọjá. Bó ṣe dé, ó ní irú ẹ̀ gan-an la máa kọ́ sórí ilẹ̀ tá a rà níbí ní Dacula. Ihò èéfín mẹ́fà lórí òrùlé. Ibi ìdáná kan ṣoṣo nínú ilé.

Túsìdeè, April 16
Kí iwájú ilé lè dọ́gba, fèrèsé méjì máa ní ògiri lẹ́yìn. Clara, architect wa, ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo bi Lọ́ọ̀dù pé ta ló máa yọjú níbẹ̀. Ó ní kì í ṣe fún yíyọjú, fún àwọn tó ń kọjá ni.

Furaidé, May 3
Mo ti shift dé, Lọ́ọ̀dù ti yọ yàrá ìsàlẹ̀ tá a fẹ́ fún ìyá rẹ̀ kúrò nínú àwòrán ilé. Àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ló fi síbẹ̀—tóóró, ilẹ̀kùn rẹ̀ jọ ògiri. Ó ní ibẹ̀ làwọn ọmọ ọ̀dọ̀ ń gbà, kí àlejò má baà rí wọn.
Ọmọ ọ̀dọ̀ wo? Èmi nọ́ọ̀sì oníwákàtí méjìlá?
"Kíkẹ́, it's heritage."
Heritage ta?

Sọ́ńdè, May 12
Ó ti ròyìn ilé náà fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì. Ọlọ́run gbà mí.

Sátidé, June 15
Màmá, ìyá ọkọ mi, dé láti Abẹ́òkúta lánàá. A mú wọn lọ wo ilé náà. Igi lásán ló ṣì jẹ́, àmọ́ àtẹ̀gùn ti dúró. Lọ́ọ̀dù ń ṣàlàyé ọmọ ọ̀dọ̀ lọ ràì. Màmá gbọ́wọ́ lé igi àtẹ̀gùn náà.
"Adégbénró, mo mọ àtẹ̀gùn yìí."
Ẹnu yà wá. Màmá ní nígbà tí Bàbá, ọkọ wọn, ń kàwé ní England, irú ilé bẹ́ẹ̀ làwọn ti ṣiṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ fọ́dún mẹ́ta. "Bàbá rẹ ló ní ká máa sọ pé ọ́fíìsì ni." Oyún Adégbénró wà nínú wọn lọ́jọ́ tí wọ́n ṣubú lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ibẹ̀ pẹ̀lú garawa omi. Ìyàwó onílé sáré wá—ó ní kí wọ́n rọra, àlejò ń gbọ́ ariwo.


Mọ́ńdè, June 17
Ọkọ mi ò lọ síbi iṣẹ́. Ó pe Clara láàárọ̀. Nígbà tó fi di ọ̀sán, àwọn káfíńtà ti wó àtẹ̀gùn náà. Ó mú Màmá padà síbẹ̀, ó ní yàrá wọn nìyí. Ó wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹ̀rún igi àti eruku.
Màmá ní:
"Dìde. Ta ló máa fọ ṣòkòtò yẹn?"
Ó ní òun ni.