Ìgò Tó Wà Lórí Tábìlì Ìgbìmọ̀ Ìgbéyàwó

                                                            Ilé Kẹsàn-án,
                                                            Ẹ̀yìn Ọgbà Fájuyì,
                                                            Adó-Èkìtì.
                                                            Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2024.

Ẹ̀bùnọlá, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Ṣé dáadáa ni o wà ní Ìlọrin níbẹ̀? Màmá ńkọ́? Ṣé orúnkún tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́ díẹ̀? Ìyàwó ńkọ́, ṣé ó ṣì ń fara da orin tí o máa ń kọ nílé ìwẹ̀? Ara tèmi yá. Iná mànàmáná nìkan ni ara rẹ̀ kò yá ní àdúgbò wa.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi Adérẹ̀mí ni mo torí rẹ̀ kọ̀wé, ẹni tó máa ń fi ìrẹsì ránṣẹ́ sí mi ní Pólì, tí ìwọ sì máa ń jẹ ẹ́ jù mí lọ. O mọ̀ pé ó fẹ́ gbé Títílọpẹ́ níyàwó, tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Láti ọdún tó kọjá, bó bá ti jí láàárọ̀, ìtọ̀ rẹ̀ á pọ́n dòdò bíi sóbò tí à ń mu. Tó bá di ọ̀sán, á tún mọ́. Nígbà tó yá, ojú rẹ̀ pọ́n bíi ti ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wú. Dókítà ní àìsàn tó ṣọ̀wọ́n ni: ẹ̀jẹ̀ pupa rẹ̀ ló ń fọ́ fúnra rẹ̀ nínú ara, ohun tó ń jáde níbẹ̀ sì ti ń ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Ó ní kó máa lo oògùn, kó máa mu omi dáadáa, kí èyí tó kù má baà bàjẹ́.

O rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. O ti gbàgbé pé a ní ìgbìmọ̀ ìgbéyàwó ní ìjọ wa. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó ka ìwé ìṣègùn rí, ìdí nìyẹn tí àìsàn náà fi tètè yé wọn. Díákónì Ọlálérè ni alága wọn, ẹni tó fi gbogbo iṣẹ́ ìjọba rẹ̀ ṣọ́ ọkọ̀ tí kò ṣiṣẹ́. Wọ́n wo èsì àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù Adérẹ̀mí, wọ́n mi orí.

"AA ni. Ẹni tó bá jẹ́ AA kò lè ní àìsàn ẹ̀jẹ̀. Àtọ̀sí ni, àbí kó jẹ́ iṣẹ́ ọ̀tá."

Wọ́n fi méjèèjì sílẹ̀ ká mú èyí tó bá wù wá. Ìdájọ́ wọn ni pé kó gba àwẹ̀ gbígbẹ ọlọ́jọ́ mẹ́ta, omi kò gbọdọ̀ kan ẹnu rẹ̀, kí wọ́n tó kéde ìgbéyàwó náà fún ìjọ.

Adérẹ̀mí gbà. Mo ní ó gbà o! Ó ní òun kò fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun rí àgbààgbà fín. Mo bi í bóyá kíndìnrín rẹ̀ mọ̀ wọ́n lágbà. Ó ní kí n má fi ẹnu mi ba ìgbéyàwó òun jẹ́.

Lọ́jọ́ Sátidé tí wọ́n ní kó wá kúnlẹ̀ gba àdúrà kí àwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, èmi àti Títílọpẹ́ tẹ̀ lé e lọ. Títílọpẹ́ gbé ìgò méjì wá, omi wà nínú ọ̀kan, ìtọ̀ àárọ̀ ọjọ́ náà sì wà nínú èkejì. Ó fẹ́ kí wọ́n fojú ara wọn rí ohun tí dókítà rí. Ó gbé wọn sórí tábìlì. Àmọ́ oòrùn mú lọ́jọ́ náà, ìgbìmọ̀ yìí kì í sì í ṣèpàdé láìsí sóbò. Kí Títílọpẹ́ tó la ẹnu, Díákónì ti nawọ́ mú èyí tó pupa, wọ́n ti ṣí ìdérí, wọ́n ń gbé e lọ sẹ́nu.

"Títílọpẹ́, o ṣeun, ọmọ mi. Ṣé ó tutù?"

"Ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, sà. Inú Adérẹ̀mí ló ti ń bọ̀."

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù!"

"Rárá, sà. Ti Adérẹ̀mí ni."

Ẹ̀bùnọlá, mi ò rẹ́rìn-ín. Mò ń wo Adérẹ̀mí. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń rí ìtọ̀ yẹn nílé, tó ń da omi lé e. Ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ rí i ní ojúmọmọ, lọ́wọ́ ẹlòmíràn, lẹ́bàá ètè àgbàlagbà. Ó dìde lórí ìkúnlẹ̀, ó mú ìgò omi, ó mu ún tán pátá, ó sì rọra dé ìdérí rẹ̀ padà.

"Ẹ má bínú, sà. Òǹgbẹ ń gbẹ mí."

Wọn kò kéde ìgbéyàwó náà títí di òní. Kóòtù ni wọ́n ti máa ṣe é lóṣù Kejìlá. Dókítà ní èyí tó ti bàjẹ́ lára kíndìnrín rẹ̀ kò ní padà, àmọ́ ìyókù ṣì ń ṣiṣẹ́. Ibi gbogbo ni Adérẹ̀mí ń gbé ìgò omi lọ báyìí, títí kan ilé ìjọsìn, ìjókòó iwájú ló sì máa ń jókòó sí.

Bá mi kí Màmá àti ìyàwó rẹ. Títílọpẹ́ ní kí n kí ọ, ó ní o gbọ́dọ̀ wá. Má retí sóbò níbẹ̀ ṣá. Díákónì pàápàá ti fòfin dè é nínú gbogbo ìpàdé wọn. Òfin kan ṣoṣo tí mo mọ̀ pé ìgbìmọ̀ yẹn ṣe lẹ́yìn tí wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ wò dáadáa.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi,

Pẹ̀lúmi.