Ṣẹ́ẹ̀tì Funfun Mẹ́rìnlélógún

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Ẹrẹ́nà

Ẹ̀rù ń bà mí. Kí n kọ ìyẹn sílẹ̀ ná kí n tó kọ nǹkan mìíràn. Àbíkẹ́yìn mi fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Kò tíì sọ ọ́ fún mi o, mo gbọ́ bó ṣe ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ lórí fóònù nínú balùwẹ̀, omi ń dà, ó rò pé etí mi ti di. "Oṣù mẹ́ta ni mo fún un. Bí ọjà yìí bá lè bọ́ mi fún oṣù mẹ́ta, wọn ò ní rí mi mọ́ ní kẹ́míìsì yẹn."

Ọjà wo? Aṣọ àlòkù. Ó ń ra dìpọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń kó o wọlé, ó ń tú u, ó ń fọ èyí tó dọ̀tí, ó ń ya wọ́n ní fọ́tò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń pàtẹ wọn sí ìsọ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí a ò mọ̀ rí á sanwó, alálùpùpù á wá gbé e. Olùtà ò rí olùrà, olùrà ò fọwọ́ kan ọjà. Kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni mo ń gbìyànjú kó yé mi.

Yàrá méjì la ní. Aṣọ ti gba ọ̀kan. Kí n tó dé ibi fèrèsé, àfi kí n máa fò bí ewúrẹ́.

Ọjọ́rú, 5

Ó bẹ̀ mí níṣẹ́. Ọ̀gá wọn kì í jẹ́ kí wọ́n mú fóònù dání lẹ́yìn káńtà, àwọn oníbàárà sì ń béèrè ọ̀rọ̀ láti àárọ̀. Bí wọn ò bá tètè rẹ́ni dá wọn lóhùn, wọ́n á gba ìsọ̀ ẹlòmíì lọ. "Màámi, ẹ ṣáà máa bá mi dá wọn lóhùn. Ẹ kúkú ń jókòó sílé." Ó ra fóònù kejì, ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́.

Mo kúkú ń jókòó sílé! Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi fọ aṣọ ní ilé ìwòsàn ńlá. Ẹsẹ̀ wíwú ló dá mi dúró. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, inú mi dùn. Ó ti pẹ́ tẹ́nikẹ́ni ti rán mi níṣẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ka ohun tí mo kọ sí àwọn èèyàn — "Ẹ káàárọ̀ o, ṣé dáadáa lẹ jí? Àwọn ọmọ ńkọ́?" Ó ní, "Màámi, àwọ̀ aṣọ ni wọ́n béèrè, wọn ò ní kẹ́ ẹ wá kí ìdílé." Mo ní ṣé èèyàn á kàn bẹ̀rẹ̀ sí í tajà láìkíni ni, bí olè? Nígbà tó rí i pé méjì nínú àwọn tí mo kí ti sanwó, ó ní kí n máa kí wọn lọ.

Àkọ́bí pè láti ojú ọ̀nà tó ti ń wa ọkọ̀ akẹ́rù. "Ẹ bá mi kí Alájé Orí Fóònù. Àwòrán aṣọ ló ń tà — ṣé kì í ṣe àwòrán owó ni wọ́n ń san?" Mo bá a wí. Mo sì rẹ́rìn-ín lẹ́yìn tó gbé fóònù sílẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11

Obìnrin kan fẹ́ ra kóòtù dúdú fún ọmọ rẹ̀ tó ń wáṣẹ́. Mo sọ fún un pé aṣọ inú rẹ̀ ti ya lábẹ́ apá, kó mú aláwọ̀ eérú. Ó mú un. Ó gbàdúrà fún mi.

Àbíkẹ́yìn wò mí. Ó ní, "Ṣé ó béèrè ni?" Mo ní rárá. "Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi sọ ọ́?" Bí ọwọ́ mi bá ti kan aṣọ, ọwọ́ ló ń sọ fún mi, n kì í bi í léèrè.

Ọjọ́bọ̀, 13

Télọ̀ Ìsàlẹ̀, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lábẹ́ yàrá wa tí nǹkan kan ò sì ṣókùnkùn sí, bi mí bóyá nǹkan wà nínú ọjà ọmọ mi lóòótọ́. Mo lọ bi ọmọ náà. Ó ṣírò rẹ̀ fún mi. Nígbà tí wọ́n bá yọ owó alálùpùpù, tí àwọn tó ni íńtánẹ́ẹ̀tì bu tiwọn, tẹ́nìkan dá ẹ̀wù padà pé ó fún òun lọ́rùn, ohun tó kù ò ju owó ọṣẹ tó fi ń fọ̀ ọ́ lọ. "Ó ń bọ̀, Màámi. Ọjà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbérí ni." Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Kùtù ló ń jí lọṣọ kó tó lọ síbi iṣẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, 16

Ó sọ fún mi ohun tí Ọ̀gá Kẹ́míìsì ń ṣe. Níwájú àwọn tó wá ra oògùn, ó máa ń fìka kan án lórí pé páálí òfìfo ni. Ọmọ tí mo bí, ọmọ ọgbọ̀n ọdún.

Mo sọ ohun tí mo máa ń sọ. Mo ní owó oṣù ni owó oṣù. Mo ní sùúrù lè se òkúta jinná.

Ó ní, "Màámi, òkúta ò jinná o. Èmi tí mò ń dáná ni mò ń jóná."

Ọjọ́ Ajé, 17

Òtẹ́ẹ̀lì kan fẹ́ ra ṣẹ́ẹ̀tì funfun mẹ́rìnlélógún fún àwọn agbáwo wọn! Bó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọn ó máa rà ní oṣooṣù. Ọmọ mi gbé mi jó káàkiri yàrá. Ẹsẹ̀ ń dùn mí, mo ṣáà ń bá a jó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18

Mo tú dìpọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì náà. Wọ́n funfun. Wọ́n tilẹ̀ funfun jù. Mo gbé ọ̀kan sí ojú fèrèsé, mo gbóòórùn rẹ̀ — mo ti mọ̀. Ẹnìkan ti rì wọ́n sínú bílíìsì tó le, kí ọjọ́ orí wọn má bàa hàn. Òwú ọrùn àti abẹ́ apá ti di ti aláǹtakùn. Ní ibi ìfọṣọ wa, a ní orúkọ fún irú ẹ̀: Kú-lọ́la. Bí ẹ bá fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó tán.

Mo ká wọn padà dáadáa. Ó dé, ó ń kọrin. Mi ò sọ nǹkan kan.

Ọjọ́rú, 19

Aago mẹ́wàá àárọ̀. Máníjà òtẹ́ẹ̀lì kọ̀wé: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n lágbára? Ojoojúmọ́ là ń fọ aṣọ àwọn agbáwo."

Mo di fóònù mú títí iná ojú rẹ̀ fi kú. Nọ́ńbà kẹ́míìsì wà lára kàlẹ́ńdà tó wà níwájú mi. Mo lè pe ọmọ mi. Mo lè ní kí ọkùnrin náà dúró dìgbà tí olọ́jà á dé. Mo kọ ọ́: "Rárá, ọ̀gá. Ní fífọ̀ kẹta wọn á ya." Ó dúpẹ́. Ó ní òun á wá ibòmíì.

Ọ̀sán lọmọ mi dé. Ọ̀sán gangan! Ó ti ká aṣọ iṣẹ́ kẹ́míìsì sínú ọ̀rá. Ó ti sọ fún ọ̀gá rẹ̀ láàárọ̀ pé òun ń lọ, níwájú àwọn oníbàárà, bí ọ̀gá náà ṣe máa ń bú u níwájú wọn. "Màámi, mo ti bọ́!" Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ gba fóònù kó lè wo ohun tí òtẹ́ẹ̀lì wí.

Mi ò lè kọ ìyókù lónìí.

Ọjọ́bọ̀, 20

Ohun tó sọ lánàá nìyí. Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, kí n má bàa fi oyin sí i tó bá yá.

"Ká ní ẹ pè mí ni, ǹ bá wá ṣẹ́ẹ̀tì míì. Ǹ bá fẹnu ara mi sọ fún un. Ẹ ti mọ̀ láti àná, àbí? Ẹ jẹ́ kí n sùn, ẹ jẹ́ kí n jí, ẹ jẹ́ kí n lọ."

Mo ní òtítọ́ ni mo sọ.

"Òtítọ́ lẹ sọ, Màámi. Àmọ́ kì í ṣe torí òtítọ́ lẹ ṣe sọ ọ́."

Ọjọ́ Ẹtì, 21

Ó kó lọ. Yàrá kejì ti mọ́ báyìí, èèyàn lè rìn dé ibi fèrèsé.

Ọjọ́ Ajé, 24

Mo pè é, kò wọlé. Mo tún pè é. Àkọ́bí ní ó ti ti nọ́ńbà mi pa lórí fóònù rẹ̀, kí n fún un láyè. Ó wà lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ kan, kò sọ ibẹ̀. "Ẹ̀yin náà, Màámi…" ó ní. Kò parí ẹ̀. Ká ní ó parí ẹ̀ ni, ì bá dára jù.

Ọjọ́bọ̀, 27

Mo wọ bàtà lọ sí kẹ́míìsì. Mo fẹ́ bẹ ọ̀gá rẹ̀ kó gbà á padà. Mo dé ẹnu ọ̀nà. Ọmọbìnrin mìíràn ti wà lẹ́yìn káńtà, kò tíì pé ogún ọdún, ọkùnrin yẹn sì ń fìka kan án lórí. Gbọ́, gbọ́, gbọ́, bí ẹni ń kanlẹ̀kùn. Àwọn tó wá ra oògùn ń wo ilẹ̀.

Ibẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ dá ọmọ mi padà sí.

Mo yí padà. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé onílé, mo jẹ́wọ́ fún ara mi. Mo rí nọ́ńbà lára kàlẹ́ńdà. Mi ò pè é torí mo fẹ́ kí ọjà náà bàjẹ́. Ìbẹ̀rù ló mú mi. Mo rò pé bí ọjà yẹn bá kú, yóò gbàgbé rẹ̀, á máa gba owó oṣù rẹ̀ lọ, èmi á sì máa sùn.

Mi ò sùn.

Ọjọ́ Ajé, 31

Télọ̀ Ìsàlẹ̀ bá mi ṣí ìsọ̀ ọmọ mi lórí fóònù tèmi. Ó ṣì ń tà! Aṣọ méje péré ló wà níbẹ̀. Mi ò wo aṣọ. Ẹ̀yìn aṣọ ni mò ń wò. Ògiri tí mi ò mọ̀, ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí, omi ti fa ìlà sí i láti òkè dé ilẹ̀. Mátíràsì wà nílẹ̀, kò sí bẹ́ẹ̀dì. Nínú ọ̀kan, mo rí ọwọ́ rẹ̀ tó di hángà mú. Ó ti gbẹ. Báńdéèjì wà ní àtàǹpàkò.

"Ìyá, ṣé ẹ fẹ́ rà á ni?" Télọ̀ béèrè. Mo ní kó ṣáà fi mí sílẹ̀ níbẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 oṣù Igbe

Lábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan, àyè wà tí ẹnikẹ́ni lè kọ̀wé sí olọ́jà. Kò lè ti ibẹ̀ pa, nítorí ibẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀ ń gbà wọlé. Ojú ń tì mí láti gba ibẹ̀. Ọ̀nà mìíràn ò sí. Mo kọ́kọ́ kọ ọ́ síhìn-ín, kí n tó tẹ̀ ẹ́:

"Ẹ káàsán o, olọ́jà. Mo rí búláòsì aláwọ̀ ewé tí ẹ pàtẹ. Ó dára. Mi ò fẹ́ sọ àléébù kankan. Ọwọ́ tó gbé e dání ni mo fẹ́ béèrè. Kí ló gé e? Ṣé o fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́? Ṣé o ń jẹun? Ohun tó o sọ lọ́jọ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Mo ráyè pè ọ́, mi ò pè ọ́, mo sì mọ ìdí tí mi ò fi pè ọ́. Mo rí ọmọ tó wà nípò rẹ báyìí. Mo bẹ̀ ọ́. Mi ò ní kó o padà wálé, mi ò sì ní kó o fi ọjà sílẹ̀. Bó ṣe ọ̀rọ̀ kan péré ni, bó ṣe èébú ni, tètè kọ ọ́ sí mi. Mo jókòó ti fóònù."