Ẹran Iléyá Tí A Fún Alága

Ilé wa,
Bẹyẹrúnkà, Ìbàdàn.

Zakariyya ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùmù. Mo kí ọ tìfẹ́tìfẹ́, mo sì ń bẹ Ọlọ́run kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú àlàáfíà, kí oòrùn Kánò má jó ọ jù lórí òrùlé tí o ti ń so sólà. Ara tèmi le. Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ àti ẹja tí o fi sílẹ̀ fún wọn ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Bí mo bá pè ọ́, wàá ní, "Màámi, mo wà lókè, ẹ jẹ́ n pè yín padà." Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀, kí o lè jókòó kà á. Gàfárù ará ilé wa tó wá ṣọdún ń padà sí Kánò lọ́la, òun ni yóò mú un wá.

O rántí bí o ṣe gbé àpótí onídígí yẹn sí pálọ̀ lẹ́yìn tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú apá ọ̀tún bàbá rẹ. Mo bínú sí ọ nígbà náà. Mo ní kí la fẹ́ fi ẹja tí a kò ní í sè ṣe. Ṣùgbọ́n ẹja Ọ́sìkà tí o rà síbẹ̀, tí kò ju ìka mi lọ, ti fẹ̀ bí àwo báyìí, ojú tó sì fi ń wo gbogbo ẹni tó bá wọlé ló jẹ́ kí àwọn ará ilé máa pè é ní Alága. Ọwọ́ òsì ni bàbá rẹ fi ń fún un lóúnjẹ. Ọ̀tún yẹn ṣì máa ń wà lórí itan wọn, níbi tí mo bá gbé e sí. Ọ̀rọ̀ wọn náà kò tíì já gaara. Síbẹ̀, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ọ̀dọ̀ Alága ni wọ́n ń lọ, ìgbà tó bá jẹun tán ni àwọn náà tó ń gbà láti jẹun. Mo ti gbà fún ọ báyìí.

Iléyá ló da gbogbo rẹ̀ rú. O mọ bí agbo ilé wa ṣe rí: ẹni tó bá pa àgbò gbọ́dọ̀ gbé ìpín olórí ilé wá fún bàbá rẹ, a kì í sì í dá a padà. Bẹ́ẹ̀ dókítà ti ní kí bàbá rẹ má fẹnu kan ẹran ọlọ́ràá mọ́ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Nígbà tí àwo ẹran wá kún tábìlì, bàbá rẹ nawọ́ sí Alága. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. A ní ó dáa bẹ́ẹ̀, kó bá olórí ilé jẹ ìpín rẹ̀. Ẹni tó bá wá kí wa kú ọdún á gé díẹ̀ jù sómi, èmi náà gé ẹ̀dọ̀ fún un. Ó jẹ ẹ̀dọ̀, ó jẹ ọ̀rá, ó tún ń tẹ̀lé ọwọ́ wa kiri.

Kí ọdún tó rọlẹ̀ tán, ikùn Alága ti wú, ó sùn sí ìsàlẹ̀ àpótí, kò wo ẹnikẹ́ni mọ́. Bàbá rẹ wò ó, wọ́n sì wo ọwọ́ ara wọn. Mo gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín wá, wọ́n yíjú sí ògiri. Dókítà tó ń bá wọn na apá dé, wọn kò jẹ́ kó fọwọ́ kàn wọ́n. Zakariyya, ẹ̀rù bà mí. Mò ń rò ó pé bí ẹja yìí bá kú, kí ni yóò tún máa jí bàbá rẹ dìde láàárọ̀.

Ìdí mi ò gbélẹ̀ mọ́. Mo wà lórí ìrun, ojú mi ń lọ sí àpótí, kí Ọlọ́run foríjì mí. Bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí gan-an, mo ti dìde lọ wò ó, mo ti padà wá. Gbénga tó ń sin ẹja àrọ̀ ní Òkè Padre gbé oúnjẹ ẹja tirẹ̀ wá, ó ní kò sí ẹja tí kì í jẹ ẹ́. Ìyá Gàfárù ní ekòló ni. Ẹnìkan ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú ní kí n po ẹ̀kọ fún un. Mo ní ẹ ṣeun, mo wọ bàtà, mo lọ bá Hikmat tó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́ ní Mọ́lété.

Hikmat kò fọ̀rọ̀ falẹ̀. Ó ní, "Màámi, ara àgbò gbóná, ara ẹja tutù. Bí ọ̀rá yẹn bá wọnú ẹ̀, ńṣe ló ń dì síbẹ̀." Ó ní ti Gbénga pàápàá kò ṣeé jẹ lójoojúmọ́, torí ọ̀rá tí wọ́n pò mọ́ ọn ni àrọ̀ fi ń tètè sanra dé ọjà, bẹ́ẹ̀ a kò fẹ́ ta Alága. Ó ní kí n jẹ́ kí inú rẹ̀ ṣófo ná, kí n wá bó gírínpíìsì tí wọ́n ń fi sínú ìrẹsì díndín fún un. Lẹ́yìn ìyẹn, oúnjẹ oníkóró tí wọ́n ṣe fún irú rẹ̀ ni kó máa jẹ lójoojúmọ́. Edé àti ekòló á máa wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹran ọdún. Ó sì ní kí ọjọ́ kan wà lọ́sẹ̀ tí kò ní í jẹ ohunkóhun. Mo mú Àlàmísì, ọjọ́ tí èmi náà ń gba ààwẹ̀.

Gírínpíìsì ṣiṣẹ́, ikùn rẹ̀ fà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ju oúnjẹ oníkóró sí i, ó wò ó, ó wò mí, ó yí padà. Ó ti mọ adùn ẹran. Hikmat ní kí n má ṣàánú rẹ̀, ebi á kọ́ ọ, bí mo bá fún un lẹ́ran lẹ́ẹ̀kan péré, a tún padà síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Hikmat ò mọ̀ pé ẹni méjì ni ebi ń pa nínú ilé mi. Omi ògì díẹ̀ ni bàbá rẹ ń mu.

Láàárọ̀ yìí, Ìyá Gàfárù gbé ẹran díndín wọlé. Àánú ló ṣe é. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká fún un ní bíńtín, kó má kú mọ́ wa lọ́wọ́." Kí n má parọ́ fún ọ, èmi ni mo ṣí ìdérí fún un. Ọkàn mi ò gbà á mọ́. Ó ti gé ẹran, ó ti gbé e dé òkè omi, nígbà tí mo rí ọwọ́ kan tó rọra kọjá níwájú mi, tó tẹ́ bo ẹnu àpótí. Ọwọ́ ọ̀tún bàbá rẹ ni. Èmi tí mo máa ń gbé e sórí itan, mi ò mọ ìgbà tó kúrò níbẹ̀. Wọ́n ní, "Ó tó." Ó já gaara, Ìyá Gàfárù náà gbọ́ ọ.

Ó bo àwo ẹran rẹ̀. Bàbá rẹ fi ọ̀tún yẹn kan náà ṣa kóró kan nínú ike, ó bọ́, wọ́n tún ṣa òmíràn. Mo di ọwọ́ ara mi mú kí n má baà ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n jù ú sómi. Alága gòkè wá, ó gbé e, ó tu ú, ó wo bàbá rẹ, ó tún gbé e, ó sì gbé e mì. Ìgbà yẹn ni bàbá rẹ yíjú sí mi, wọ́n ní, "Ẹ̀kọ mi dà?"

Ọkàn mi ò tíì balẹ̀ tán, torí ọ̀la ṣì ń bọ̀, mo sì fẹ́ tún lọ wò wọ́n, àwọn méjèèjì. Kí Ọlọ́run ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ lórí gbogbo òrùlé, kó má jẹ́ kí o rí àárẹ̀, kó sì jẹ́ kí ọwọ́ tí o fi ra ẹja yẹn rí tirẹ̀ gbà. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ tí ìdí rẹ̀ kì í gbélẹ̀,
Mujeebat.

Mo fẹ́ gbàgbé: kílíṣí tí o fi rán Gàfárù, tí o ní kí bàbá rẹ fún Alága ní díẹ̀ níbẹ̀, èmi ni mo jẹ gbogbo rẹ̀. Bí o bá sì pè wá ní Àlàmísì, má béèrè bóyá Alága jẹun. Bàbá rẹ ni kí o béèrè, wọ́n á dá ọ lóhùn fúnra wọn.