Olórí Ló Ń Gbà Kẹ́yìn

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìdúró ṣọ́ọ̀bù, ẹ kú àbójútó gbogbo wa. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ láti ibi tí mo wà. Mo kí Ṣàkírà àbúrò mi, mo kí Bàbá Onílé, mo sì kí ìyá àgbà ní Ẹ̀pẹ́. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé ọmọ wọn ṣì ń kírun, kí wọ́n má fòyà.

Ara mi le, a dúpẹ́. Òtútù ìlú Dọ́blìn yìí ni kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ibi tí wọ́n ń kó ẹran dídì sí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹ ò rí i pé inú fìríísà ni mo wà látàárọ̀ dalẹ́. Bí mo bá sì jáde, ìta náà ò sàn jù ú lọ. Mo lè lo odidi ọjọ́ Sátidé kí n má gbọ́ orúkọ mi lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Àjò kì í dùn kónílé má relé, ṣùgbọ́n ohun tí mo wá wá kò tíì tó mi lọ́wọ́.

Ẹ̀bẹ̀ ni mo fi lẹ́tà yìí bẹ̀ yín, nínú ìwé ìròyìn, lójú gbogbo ayé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí àwọn tó ń kà á kò mọ̀ yín bí mo ṣe mọ̀ yín.

Nígbà tí mo kúrò nílé, tábìlì kan ṣoṣo lẹ ní níwájú ilé wa ní Lásunwọ̀n, ní Ìkòròdú: mílíìkì alágolo, súgà, àbẹ́là, ọṣẹ. Nígbà tí Ṣàkírà wá sọ fún mi lórí fóònù pé ẹ ti wọ ẹgbẹ́ àwọn tí ilé iṣẹ́ ayánilówó ń yá lówó kéékèèké láti fi ṣòwò, inú mi ò dùn. Lójú mi, ìyá tó ní ọmọ lókè òkun kò yẹ kó máa yáwó. Ó ṣàlàyé fún mi pé obìnrin márùn-ún ló ń para pọ̀, tí wọ́n ń pàdé ní gbogbo Ọjọ́rú, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ onídùúró fún àwọn mẹ́rin yòókù. Kò sí ilé tàbí ilẹ̀ tí ẹ fi dógò. Àwọn méjì ló ń kọ́kọ́ gbà. Bí wọ́n bá san án déédéé, àwọn méjì mìíràn á gbà, olórí ló ń gbà kẹ́yìn. Ẹ̀yin ni wọ́n sì fi ṣe olórí.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo bi yín pé irú oyè wo nìyẹn, tí olóyè á máa wo ẹnu àwọn tó ń jẹun. Ẹ dá mi lóhùn pé olórí tó bá kọ́kọ́ jẹun yó, oorun ló máa sùn. Fìríísà lẹ fẹ́ fi tiyín rà, kí ẹ máa ta omi tútù fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ti Èkó dé nírọ̀lẹ́, kí ẹ sì máa ta yìnyín fún àwọn ẹlẹ́ja Èbúté Ìkòròdú.

Ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ gbà ni Ìyá Sìkírù tó ń ta ẹja ní Èbúté. Owó náà gbé e dìde: ó kúrò lórí ẹja abọ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ra ẹja agbọ̀n agbọ̀n. Àfi bó ṣe yọ̀ ṣubú lórí pákó etí omi, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Bí kò bá lè san tirẹ̀, ọrùn ẹ̀yin yòókù ló máa wọ̀, ìgbà tiyín kò sì ní í kàn mọ́.

Mo wá ṣe ohun tí mo rò pé ọmọ gidi ń ṣe. Mo fi owó fìríísà ránṣẹ́, mo ní kí ẹ fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ dúpẹ́, ẹ ṣàdúrà fún mi, ẹ wá ní owó ilé ìwé Ṣàkírà lẹ máa fi san. Ẹ ní bí ẹ bá jáde, ẹni mẹ́rin ló kù, ilé iṣẹ́ náà kì í sì í yá ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́rin lówó. Pé Ìyá Sìkírù á wá di ajigbèsè lórí ẹní àìsàn. Ẹ ní ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹnu ara yín sọ níwájú àwọn obìnrin yẹn, owó ọmọ kò lè rà á padà. Inú bí mi, mo pa fóònù. Oṣù méjì gbáko ni mi ò fi pè yín. Ìyá, ẹ foríjì mí.

Ṣàkírà ló ròyìn oṣù méjì náà fún mi. Ẹ̀yin mẹ́rin pín ọjọ́ ọ̀sẹ̀ láàárín ara yín, ẹ ń bá Ìyá Sìkírù dúró nídìí ẹja rẹ̀. Èyí tó jẹ́ aránṣọ nínú yín fi ìborùn dí imú, síbẹ̀ kò pa ọjọ́ tirẹ̀ jẹ. Ẹ̀yin ìyá mi, ọmọ Ẹ̀pẹ́, ní tiyín, ṣe ni ẹ ń pe ẹja lórúkọ, tí ẹ ń bá àwọn apẹja Ìbéṣè nájà bí ẹni pé ẹ kò ta súgà rí láyé yín. Gbogbo Ọjọ́rú ni owó Ìyá Sìkírù ń dé ìpàdé, tí òun fúnra rẹ̀ wà lórí ẹní. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Èmi tí mo lọ yunifásítì, mo ń pa òwe yìí lásán ni, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n ṣe. Kó tó fi ọ̀pá dìde, gbèsè rẹ̀ ti tán. Àwọn méjì kejì gbà, ó wá kàn yín, ẹ sì fi tiyín ra fìríísà.

Ní báyìí tábìlì ti di ṣọ́ọ̀bù onílẹ̀kùn irin. Wọ́n ní àwọn ẹlẹ́ja ń tò níwájú yín láàárọ̀ nítorí yìnyín, pé bí iná bá tiẹ̀ lọ, ẹ mọ bí ẹ ṣe ń fi àpò bò ó kó má yọ́. Mo ń rò ó nínú òtútù níbí, inú mi ń dùn.

Ohun tó ń dùn mí wá nìyí. Nígbà tí Ṣàkírà fi fọ́tò fìríísà náà ránṣẹ́, mo mú un lọ sí mọ́ṣáláṣí tí àwa ọmọ Yorùbá ń kírun níbí, mo sì sọ fún wọn pé èmi ni mo rà á fún ìyá mi. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọwọ́ ọmọ rere gbẹ. Mo ṣe àmín. Láti ọjọ́ náà, àmín yẹn há mi lọ́fun bí egungun ẹja.

Ẹ̀yin ará Dọ́blìn, irọ́ ni mo pa fún yín. Kọ́bọ̀ mi kò sí nínú fìríísà yẹn. Ìyá mi ló rà á, lẹ́yìn tó ti jẹ́ kí ẹni mẹ́rin gbà ṣáájú rẹ̀, lẹ́yìn tó ti dúró ta ẹja ẹlẹ́ja. Àdúrà tí ẹ ṣe fún mi lọ́jọ́sí, mo bẹ̀ yín, ẹ tún un ṣe, kí ẹ dárúkọ ẹni tó ni ín: Sìdíkátù, ọmọ Ẹ̀pẹ́.

Ìyá mi, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa nínú àlàáfíà. Kí ẹsẹ̀ Ìyá Sìkírù mókun. Ẹ bá mi kí i, ẹ bá mi kí àwọn mẹ́ta yòókù, àti gbogbo ilé pátá, tọmọdé tàgbà.

Èmi ni ọmọ yín,
Kàmọ́rù